Gbogbo èébú kọ́ ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, nítorí ó ti di ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ láìbìkítà: ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọ̀gá jágbe mọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Olówó fojú pa akúṣẹ̀ẹ́ rẹ́, wọ́n tún ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Ṣùgbọ́n kí èrò ìwòran máa ké bí ọ̀bọ sí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, àwọn kan náà á ní ariwo pápá lásán ni, kó gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ibi kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Bí èébú ṣe ta ni tó la fi ń díwọ̀n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èébú lè ta wọ egungun kó má ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kankan nínú. Òmíràn á rọ̀ bí òwú, tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n á fi sọ ọ́, ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ́nńbélé sì ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnìkan tó já ìlà. Àwọn èèyàn tò, òun kàn lọ dúró síwájú. Ẹni àkọ́kọ́ pariwo mọ́ ọn: "Aláìnítìjú! O ò rí àwa tá a dúró ni?" Ẹnìkejì wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní: "Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀. Níbo ni irú eléyìí ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe láwùjọ?" Ẹnìkẹta mi orí, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè, ó ní: "Bí ẹ̀yin aláwọ̀ yìí ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn." Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá wí. Àrífín ni ti àkọ́kọ́. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe ló dì mú. Ìgbéraga ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì: ó ti kúrò lórí ìlà, ó ti bọ́ sórí àpò àti ilé ìwé. Ẹnìkẹta ló sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tirẹ̀ ló rọlẹ̀ jù. Lójú tirẹ̀, ìlà tí ọkùnrin yìí já kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ẹ̀rí ni, ẹ̀rí ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ nípa gbogbo ẹni tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló ń tú u palẹ̀. Èkíní: kí ni ẹni tí wọ́n bú lè ṣe kí èébú náà bọ́ lára rẹ̀? Ti àkọ́kọ́, kó padà sẹ́yìn, ó parí. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, kó ra bàtà míì, kó kàwé, kó lówó. Agbéraga á tún wá àléébù míì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, owó sì lè ṣí i. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò ní ilẹ̀kùn. Èkejì: ta ni mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà bà? Ẹni tó ní irú àwọ̀ kan náà, tó rọra tò sẹ́yìn, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òkò ti bà á. Ọmọ tí ọkùnrin náà kò tíì bí, òkò ti ń dúró dè é. (Kì í ṣe gbogbo èébú tó bá kan ìdílé ni mò ń sọ o. Ẹni tó ní olè ni bàbá ẹni, olè sì ni bàbá bàbá ẹni, èébú burúkú ló bú, àmọ́ agboolé kan ló bà jẹ́, kò tíì dé orí ẹ̀yà.)

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1965, ka nǹkan márùn-ún sílẹ̀ ní abala àkọ́kọ́ rẹ̀: ẹ̀yà, àwọ̀ ara, ìran tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá, orílẹ̀-èdè tí orísun rẹ̀ wà, àti àwùjọ ìbílẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Owó kò sí níbẹ̀. Ìwé kíkà kò sí níbẹ̀. Kò sí aṣọ, kò sí iṣẹ́. Èyí kò sọ pé fífojú tẹ́ńbẹ́lú tálákà dára; ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró ni, ó sì ní orúkọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí Yorùbá bá pe Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀bọ, òmùgọ̀ ló ń pè é, ìjà lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà nínú rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ kan náà ti ẹnu òyìnbó bọ́ sára aláwọ̀ dúdú, ó ti di nǹkan míì, kì í sì í ṣe torí pé aláwọ̀ dúdú tètè ń bínú. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní ọdún 1758, onímọ̀ ará Sweden nì, Carl Linnaeus, pín ọmọ ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti wá ló fi pín wọn, ó sì so ìwà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òfin ló ń darí ará Yúróòpù. Ó ní bó ṣe wu inú ẹni lásán ló ń darí ará Áfíríkà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí: àwọ̀ lápá kan, ìwà lápá kejì, "nítorí náà" ló so wọ́n pọ̀ láàárín. Egungun yẹn ló ṣì wà lábẹ́ gbólóhùn "bí ẹ̀yin aláwọ̀ yìí ṣe máa ń ṣe." Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1906, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin ará Kóńgò kan tó ń jẹ́ Ota Benga, wọ́n fi í sínú ilé àwọn ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, káwọn èèyàn lè máa rọ́ wá wò ó. Ẹni tó ń ké bí ọ̀bọ ní pápá lónìí lè má gbọ́ orúkọ Ota Benga rí láyé. Inú ilé kan náà ló ṣì ń ti èèyàn sí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Valencia, ní Sípéènì, dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún àwọn mẹ́ta tó bú Vinícius Júnior, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú ará Bùràsíílì, ní pápá Mestalla ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti wọ pápá ìṣeré fún ọdún méjì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ, ní òjòwú, ní ẹni tó ń díbọ́n ṣubú, wọ́n ń bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kì í torí ẹ̀ rí ẹ̀wọ̀n. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yìí kọjú èébú sí, igbe ọ̀bọ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ohun tó gbé wọn dé iwájú adájọ́ nìyẹn.

Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni kí á máa wá ọ̀rọ̀ burúkú kiri, bí ẹni pé ìwé kan wà tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí, tí èyí tí kò bá sí níbẹ̀ ti bọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ló di ẹjọ́. Òyìnbó òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ ìwakùsà bínú nítorí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ "ọkùnrin dúdú yẹn" kúrò níbẹ̀. "Ọkùnrin dúdú" kì í ṣe èébú, àpèjúwe ni, àwọn kan tó gbọ́ ẹjọ́ náà ṣáájú sì rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà yí i padà. Wọ́n ní kò bójú mu ká máa ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé àpáátáìdì, ìjọba tó fi òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ níbẹ̀, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ ni wọ́n ń jà lé. Ọkọ̀ ní nọ́ńbà, ó ní kọ́lọ̀, ẹni tó ni ín ní orúkọ àti ipò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ tó mú àwọ̀ ara olówó ọkọ̀, tìbínú-tìbínú, ó mọ ohun tó ń wá.

Ẹjọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì, Luis Suárez ti Liverpool nígbà náà àti Patrice Evra, aláwọ̀ dúdú, ti Manchester United, tún la ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Anfield, pápá Liverpool, oṣù Kẹwàá ọdún 2011, àwọn méjèèjì ń tahùn síra wọn ní èdè Sípáníìṣì, Suárez sì ń pe Evra ní "negro." Àwíjàre rẹ̀ ni pé ní Úrúgúwè tí òun ti wá, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, bí a ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ní "dúdú." Irọ́ kọ́ ló pa nípa èdè ilé rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti já kulẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rẹ́, ìjà ni wọ́n ń jà, kò sì sẹ́ni tó ń fi orúkọ ìkẹ́ pe ẹni tó ń bá jà lójú ìjà. Wọ́n ní kó má gbá bọ́ọ̀lù fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ, kó sì san £40,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníròyìn fò ni pé Evra fúnra rẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun kò rò pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Suárez. Ọ̀rọ̀ yẹn àti ìdájọ́ náà kò ta ko ara wọn. Èébú ni wọ́n dá lẹ́jọ́, wọn kò dá ọkàn ẹni lẹ́jọ́. Bí a bá lè di ìyàtọ̀ yìí mú, ìdajì àríyànjiyàn tí a máa ń ṣe á tán, torí ẹni tí wọ́n bá mú á kọ́kọ́ ní, "Èmi? Mo ní ọ̀rẹ́ lára wọn." Kò sẹ́ni tó bi í nípa ọ̀rẹ́. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde la ń bi í.

Ìyìn náà lè jẹ́ èébú ẹ̀yà, èyí ló sì máa ń ṣòro jù láti fèsì sí. "Ó yà mí lẹ́nu bí ẹ ṣe já fáfá tó." "Ìwọ yàtọ̀ sí àwọn yòókù." Ẹni tó sọ ọ́ lè máa rẹ́rìn-ín, kó tiẹ̀ rò pé òun ń fọwọ́ ra èèyàn lórí. Ṣùgbọ́n kí ìyàlẹ́nu tó lè ṣẹlẹ̀, ó ní ohun tí èèyàn ti ń retí tẹ́lẹ̀. Ìretí yẹn ni èébú náà.

Ààlà tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù ni èyí tó wà láàárín ìgbéraga àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, nítorí àwọn méjèèjì máa ń yá ara wọn láṣọ wọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ohùn ẹnu. Ẹni tó ń fi bí àwọn ará oko ìlú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbéraga ló ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, ilé ìwé ló ń fi yangàn. Ẹni tó ń da "l" àti "r" pọ̀ láti fi sín àwọn ará Japan jẹ, tó tún ń fi ìka fa ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àlàyé ti parí lórí ìyẹn. Àárín wọn ni iṣẹ́ wà. Oníbàárà kan pe ilé iṣẹ́ lórí fóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ yín dáadáa." Kì í ṣe èébú. Ó gbọ́ orúkọ ẹni tó ń dá a lóhùn, ó sì ní, "Ẹ fún mi ní ẹni tó gbọ́ èdè." Bí ẹni tó ń dá a lóhùn bá ti ń sọ èdè náà ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ ló gbọ́ tó fi yarí, kì í ṣe ohùn.

Láti mọ apá ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo, kí gbogbo ìyókù dúró bó ṣe wà. Fi ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà ẹni tó ń búni síbẹ̀, kí bàtà gígé àti àìlówó wà bẹ́ẹ̀: ṣé èébú náà ṣì máa jáde? Tó bá jáde, ìgbéraga ni. Fi ẹni tó lówó, tó kàwé, tó wọṣọ olówó iyebíye síbẹ̀, kó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà tí wọ́n ń bú: ṣé èébú náà ti lọ? Bí kò bá lọ, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Bó bá jáde níbi méjèèjì, ẹni náà ní àrùn méjèèjì, kò sì ṣọ̀wọ́n.

Àmọ́ ọgbọ́n yìí máa ń já èèyàn kulẹ̀ tí a kò bá ṣọ́ ọ. Ohun tí a rò pé ẹnìkan ìbá sọ kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ó ṣe hùwà sí àwọn mẹ́wàá tó ṣáájú àti àwọn mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rí. Ẹni tó kan gbogbo ènìyàn lábùkù, tí kò yọ ará ilé rẹ̀ sílẹ̀, oníwọ̀sí ni. Èyí tó sì burú jù ni kí èèyàn pààrọ̀ àwọ̀ kó gbàgbé ìtàn. Àwọn kan á ní, "Bí wọ́n bá pe òyìnbó ní ọ̀bọ, kò ní bínú, kí ló dé tí ẹ̀yin ń bínú?" Kò sẹ́ni tó ti òyìnbó mọ́ ilé ọ̀bọ rí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹrù inú rẹ̀ kò dọ́gba.

Èyí ló mú mi dé ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi dẹkùn: ṣé aláwọ̀ dúdú lè bú òyìnbó ní èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà? Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní kò lè ṣe é ṣe, wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò sí níbi tí agbára kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ nípa èébú. Ẹni tó bá ní gbogbo òyìnbó ni kò ní làákàyè nítorí àwọ̀ wọn, egungun kan náà ló lò, àwọ̀ lápá kan, ìwà lápá kejì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìkórìíra ẹ̀yà wà nídìí rẹ̀ kò sì dárúkọ àwọ̀ kankan. Àwọ̀ lásán ló kọ. Ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn ti sọ òótọ́ ni pé èébú tí iṣẹ́, ilé àti ọlọ́pàá wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń bá èèyàn délé, èyí tí nǹkan kan kò sí lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń parí síbi tí wọ́n ti sọ ọ́.

Òfin kan náà yìí, ti ọdún 1998, tún mú ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ wá: kò pọn dandan kí ẹni tí wọ́n bú jẹ́ ọmọ ẹ̀yà tí wọ́n fi bú u. Bí ẹni tó búni bá ti rò pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tó. Ẹni tó fi èébú àwọn ará Pàkísítánì bú ará Íńdíà kò lè wá ní òun ṣìnà, nítorí náà kò kà.

Kì í ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ dídùn la fi gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní England àti Wales, ẹni tó fi èébú tàbí ìhàlẹ̀ dẹ́rù ba ẹlòmíràn lọ́nà tí òfin àlàáfíà ìlú ti ọdún 1986 kà léèwọ̀ kò lè lo ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́wọ̀n. Bí ìkórìíra ẹ̀yà bá wà nídìí rẹ̀, ó lè di ọdún méjì. Ní Bùràsíílì, èébú lásán kò ju oṣù kan sí mẹ́fà tàbí owó ìtanràn, ṣùgbọ́n láti oṣù Kìíní ọdún 2023, èébú tí wọ́n fi ẹ̀yà tàbí àwọ̀ bú èèyàn di ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí márùn-ún pẹ̀lú owó ìtanràn. Ẹnu kan náà, ìbínú kan náà, ẹ̀wọ̀n yàtọ̀. Ẹni tó bá ń kọ̀wé fún aráyé kà kò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí oníròyìn yín kọ gbólóhùn náà gan-an sílẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, pẹ̀lú ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ àti ojú ẹni náà ń ṣe nígbà tó ń sọ ọ́. "Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí i" kò sọ nǹkan kan fún wa. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rùn jù láti tẹ̀ jáde, ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀. Nítorí pé ẹ̀yà àti àwọ̀ jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Yorùbá ní, ẹ fi "nítorí àwọ̀ rẹ̀" tàbí "nítorí ẹ̀yà rẹ̀" tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí òǹkàwé lè mọ èwo ni. Ẹ pe èébú lórúkọ kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó bú u.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìtumọ̀. Ní ọdún 2007, àwọn adájọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó pe àwọn ọ̀dọ́bìnrin mẹ́ta láti Sípéènì ní "bloody foreigners," tó sì ní kí wọ́n padà sí orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ èèyàn tí òfin dáàbò bò ni àwọn "foreigners" yẹn, bí kò tilẹ̀ dárúkọ ìlú tí wọ́n ti wá. Bí oníròyìn bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn sí "ẹ̀yin àlejò wọ̀nyí," ó ti sọ èébú di ìkíni. Àlejò lẹ́nu Yorùbá, ẹni tí à ń fún níjòókòó ni. "Ẹ̀yin àjèjì oníyẹ̀yẹ́ wọ̀nyí, ẹ máa lọ sílùú yín" súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé ìwé ìròyìn yín